Olóyè Tó Sọ Ìgbín Di Ọmọ Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè jọ ọ̀gá yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe òun. Bó bá sì jọ ọ́ jù, ẹ rọra ka ìtàn náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín sókè lọ́fíìsì.

Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Dókítà Adébíyì Akínjídé, Olùdarí Àgbà fún Àjọ Ètò Ọmọdé Lórí Afẹ́fẹ́, ní Àbújá, lọ́dún 2017. Ìlú kékeré kan ló fi í joyè lẹ́yìn tó bá wọn kun ààfin ní ọ̀dà. Ní ti Dókítà, yunifásítì kan ló fún un, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lórí máàpù. Àwọn elẹ́nu ṣóńṣó ń sọ pé òkè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ni yunifásítì náà wà, àti pé ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ náà ló gboyè.

Bí mọ́tò Olóyè bá ti yọ ní géètì láàárọ̀, ẹ̀ṣọ́ á fọn fèrè, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á dìde dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ pe oyè yẹn tán kó tó kan ẹ káàárọ̀. Ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú kí i ní "Ẹ káàárọ̀, sà" lásán. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti kọ kúẹ̀rì sí i. Bí Olóyè bá wà nínú lífìtì, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé Olóyè gan-an ló máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo òṣìṣẹ́, wọn kò sọ fún un pé kó tètè máa jí. Aago ara ògiri ni wọ́n fà sẹ́yìn ní ogójì ìṣẹ́jú. Láti ọjọ́ náà, Olóyè kò pẹ́ mọ́. Gbogbo Àbújá yòókù ló ń yá jù.

Ẹni tó dá ọgbọ́n aago yìí ni Láńre, akọ̀wé Olóyè, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ọrùn rẹ̀ ti rọ̀ nítorí pé ó ń mì í ní bẹ́ẹ̀ni láti àárọ̀ dalẹ́. Bí Olóyè bá sín, Láńre á ní, "Ọgbọ́n ló ń wá ọ̀nà jáde yẹn, sà."

Nínú gbogbo ètò tí àjọ náà ń gbé sáfẹ́fẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni àwọn ọmọdé ń wò. Àwọn tó kù jẹ́ irú èyí tí ọkùnrin oníkóòtù kan á jókòó, tí á máa ka ojúṣe ọmọ rere sí ìjọba fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, Kòpẹ́ á dé. Ìgbín aláṣọ ni Kòpẹ́, ọmọlangidi tí wọ́n fi ọwọ́ mú láti abẹ́ tábìlì, ó gbé àpò sórí ìkarahun, ó ń lọ síléèwé. Orúkọ ètò náà nìyẹn: Kòpẹ́ Ń Lọ Síléèwé. Lọ́sẹ̀ kan, òjò á dá a dúró. Lọ́sẹ̀ kejì, adìẹ tó tọ́ ọ dàgbà á ní kó wá bá òun parí ìjà. Kò débẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tó bá sì bá pàdé lójú ọ̀nà, tẹni ńlá tọmọdé, á kí wọn pé, "Okun o!" Àwọn ọmọ Àbújá tó jẹ́ pé bí ìyá wọn bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, bẹ̀rẹ̀ sí í kí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ní "Okun o!" Àwọn ìyá wọn kò mọ ẹni tí wọn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni náà wà nínú yàrá tó kángun sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àjọ yẹn kan náà. Gàníyátù Jàbárù lorúkọ rẹ̀, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tó ń bá wọn tẹ ìwé. Ọmọ Kàbà ni, ní ilẹ̀ Okun, níbi tí wọ́n ti ń fi "okun" kí ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé kí agbára ó má tán lára rẹ. Kwali ló ń gbé, ọ̀nà rẹ̀ sí ibi iṣẹ́ sì jìn. Nínú bọ́ọ̀sì, láàárín àwọn tó ń sùn lé e léjìká, ló ti ń kọ ìtàn Kòpẹ́ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀gá tó ṣáájú Olóyè ló rí ọ̀kan nínú ìwé yẹn tó já bọ́, ó kà á, ó ní kó máa kọ ọ́ lọ. Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Gàníyátù kò sì béèrè. Ó tó o pé ọmọ aládùúgbò máa ń sọ ohun tí Kòpẹ́ sọ fún un, bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí.

Báwo ni ìtàn náà ṣe di ti Olóyè? Mínísítà wá ṣe àbẹ̀wò. Ó jókòó, ó mumi, ó ní, "Olóyè, ọmọ ọmọ mi kì í jẹun àárọ̀ Sátidé bí kò bá tíì rí ìgbín yẹn. Ta ló kọ ọ́?"

Èmi gbà gbọ́ pé òótọ́ ni Olóyè fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun Olóyè jìn, ìgbéraga ló sì dúró ní géètì. Kí òótọ́ tó jáde, ìgbéraga ti gbẹnu sọ̀rọ̀.

"Ọlọ́run ló fi rán mi, sà," ni Olóyè wí, ó sì wolẹ̀ bí onírẹ̀lẹ̀.

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, orúkọ Olóyè Dókítà Adébíyì Akínjídé ni wọ́n ń kọ síparí ètò, gbàgàdà gbagada, ó sì máa ń pẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n ju orin ìparí lọ. Ilé aládùúgbò ni Gàníyátù ti rí i. Ìrẹsì ló ń ṣà lọ́wọ́. Ó wo orúkọ náà títí ó fi lọ, ó sì ń ṣà lọ. Nígbà tó ṣe, ìyálé ilé náà ní, "Gàníyátù, o ti ṣa ìrẹsì dànù, òkúta lo fi sílẹ̀ sínú àwo."

Ní Lugbe, létí Àbújá, Àǹtí Modúpẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì tún máa ń gba ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ kìrìsìtẹ́nì fún ẹ̀kọ́ ọ̀sán, rí i pé ọ̀rọ̀ Kòpẹ́ kì í jẹ́ kí ìṣirò wọ àwọn ọmọ náà lórí. Olúwadárasími, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tí gbogbo wọn ń pè ní Dára, ló dá a sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹni tó kọ ọ́ ṣáà mọ nǹkan tó wà nínú àpò yẹn, àbí? Ẹ jẹ́ ká bi í."

"Ká bi í nìkan?" ni ọmọkùnrin kan wí. "Èmi ní ìbéèrè mẹ́rin."

Báyìí ni wọ́n ra ìwé olójú ewé ogójì kan, tí wọ́n ń gbé e káàkiri Lugbe fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e dé ilé kéú, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń rán aṣọ. Oníkẹ̀kẹ́ kan gba bírò, ó béèrè pé, "Bí kò bá dé iléèwé láti ọdún yìí wá, ta ló ń sanwó iléèwé?" Ànú, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò tíì mọ̀wé kọ dáadáa, ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́: ṣé Kòpẹ́ máa ń yàgbẹ́?

Àǹtí Modúpẹ́ fẹ́ pa á rẹ́. Dára di ìwé mú. "Àǹtí, ìbéèrè ẹ̀ ni. Ó fẹ́ mọ̀ ni."

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e: "Ẹni tó kọ Kòpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ rí yín, a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀."

Nígbà tí Láńre ka lẹ́tà náà fún Olóyè, Olóyè dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí Láńre kí ó lè rí bí ẹ̀yìn ẹni ńlá ṣe máa ń rí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé ayé ń bọ̀ wá bi òun léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní bí ọmọdé bá ń béèrè, tí àgbà ń dáhùn, ìyẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Láńre ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó pàṣẹ pé Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, Sátidé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ni Ọjọ́ Ìbéèrè. Wọn yóò gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, Mínísítà yóò wà níbẹ̀. Ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Inú ìwé pélébé ni wọn yóò kọ ìbéèrè sí, Olóyè fúnra rẹ̀ ni yóò kà á. Òṣìṣẹ́ tó bá sì pa kámẹ́rà nígbà tí Olóyè ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí ìdí yòówù kó jẹ́, kó kàn gba ilé rẹ̀ lọ. Ó fi èyí tó kẹ́yìn yìí sínú ìwé àṣẹ, ó buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé àwọn ọmọ. Ó ka ìbéèrè kìíní: kí ló wà nínú àpò Kòpẹ́? Ó ka ìkejì: ìgbà wo ni Kòpẹ́ máa dé iléèwé? Ó ka dé ìkọkànlá, ó bọ́ fìlà.

"Láńre. Ta ni Kòpẹ́ yìí gan-an?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́ta ni Olóyè ti wà ní àjọ yẹn, kò wo ètò náà dé ìdajì rí. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló máa ń dúró wò.

Wọ́n pe Gàníyátù. "Ìyá Jàbárù," ni Olóyè wí pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "ẹ jókòó." Gàníyátù wo àga náà, ó dúró. "Àwọn ọmọ kan kọ ìbéèrè. Ẹ bá mi fi ìdáhùn sí i kó tó di ọ̀la. Iṣẹ́ ìjọba ni."

Gàníyátù gba ìwé, ó kà á ní ìdúró. Nígbà tó dé orí ti Ànú, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, omijé sì bọ́ tẹ̀ lé ẹ̀rín náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tẹ ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi í láti ọjọ́ yẹn ni pé, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ tán?

"Olóyè, mo mọ ìdáhùn gbogbo ẹ̀," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ kọ ọ́ wá."

"Ẹ dákun, sà. Àwọn ọmọ yìí ò ní kí àjọ dá wọn lóhùn. Ẹni tó kọ Kòpẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá wọn lóhùn lójú ara wọn. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn."

"Kí èmi Olùdarí Àgbà jókòó, kí òǹtẹ̀wé máa sọ̀rọ̀?"

"Ẹ lè dúró, sà," ni Gàníyátù wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rò pé ìdúró ni ẹjọ́ náà dá lé lórí.

Kí ó tó dé yàrá rẹ̀, ìwé ti ń dúró dè é. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdù, sí ilé ìkẹ́rùsí àjọ, níbi tí àwọn àga tó ti kán àti àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ti kú wà. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà sá lọ. Ọ̀rọ̀ Kòpẹ́ ló bà á nínú jẹ́ jù: wọ́n gba gbogbo ìwé tó ti kọ sílẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé bó bá tún kọ ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Olóyè wá dá Ìgbìmọ̀ Ìdáhùn sílẹ̀, olùdarí márùn-ún pẹ̀lú mítípáì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Ọjọ́ kìíní, wọ́n jiyàn bóyá akọ ni ìgbín àbí abo. Ọjọ́ kejì, wọ́n dé orí àpò. Ẹnì kan ní ìwé ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ní oúnjẹ. Olùdarí ọ̀rọ̀ òfin ní ohun tí ìjọba kò bá tíì fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ sí nínú àpò ìgbín kankan. Wọ́n dìbò. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ló wọlé. Ọjọ́ kẹta, wọ́n fẹnu kò pé Kòpẹ́ yóò dé iléèwé kí ọdún tó dé ìdajì, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ti buwọ́ lu ìwé ìṣúná lásìkò.

Ṣùgbọ́n Sátidé kan ṣì wà láàárín, kò sì sí ẹni tó máa kọ ti ọ̀sẹ̀ náà. Olóyè ní kí ni ìṣòro níbẹ̀? Ó gbé kálàmù.

Láago mẹ́sàn-án ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ Lugbe jókòó sórí ẹní nílé Àǹtí Modúpẹ́. Jíìpù dúdú mẹ́ta yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, fèrè ọlọ́pàá ń han. Kòpẹ́ wà nínú èyí tó wà láàárín, ó wọ agbádá. Gbogbo ẹranko dìde, wọ́n ń kí i, kò dáhùn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ipa tí ìgbín ń kó nínú ìdàgbàsókè. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìparí.

Ànú bú sẹ́kún.

"Kai!" ni ọmọkùnrin oníbéèrè mẹ́rin wí. "Wọ́n ti jí Kòpẹ́ gbé."

"Ẹlòmíì ló kọ eléyìí," ni Dára wí.

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Modúpẹ́ wí. "Ṣé o ò rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀ ni?"

"Mo rí i, Àǹtí. Ṣùgbọ́n Kòpẹ́ ò kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ló ń kí i. Kò sọ 'Okun o' ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo." Ó fa ìwé kékeré kan ya, ó kọ ìbéèrè kẹrìnléláàádọ́rùn-ún síbẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, bí àwọn ọmọ Àbújá ṣe máa ń kọ ọ́, ó sì fi í sápò. Ìgbìmọ̀ kò rí ìyẹn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún, Dára sì ti ìwé kékeré tirẹ̀ bọ àárín àwọn ìbéèrè tó kù. Láńre ló kí àwọn èèyàn káàbọ̀. Ó pe Olóyè ní òkè tí kì í yẹ̀, ó pè é ní baba gbogbo ìgbín, ó ní bí Olóyè kò bá kọ̀wé, àwọn ọmọ Nàìjíríà ì bá má tíì sọ̀rọ̀. Olóyè wọ agbádá funfun tí ẹni méjì ń bá a gbé etí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ ọmọ Mínísítà sùn lọ lẹ́sẹ̀ Mínísítà.

Wọ́n dé orí ìbéèrè. Olóyè mú ìwé kìíní, ó kà á: "Kí ló wà nínú àpò Kòpẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ mi, Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ni."

Láńre pàtẹ́wọ́. Àwọn olùdarí márùn-ún pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọdé wo ara wọn.

Ó ka ti iléèwé, ó dá a lóhùn pẹ̀lú ìwé ìṣúná. Mínísítà yí ara padà nínú àga. Olóyè wá mú ìwé kẹta, ti Dára ni. Ó wo ìdáhùn tí wọ́n bá a tẹ̀, kò rí i níbẹ̀. Ó wo Láńre.

"'Kí ló dé,'" Olóyè kà á, ó fà á, "'tí Kòpẹ́ máa ń sọ pé... òkun o'?"

Láńre sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un létí pé, "Okùn ni, sà. Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́." Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà láyà Olóyè, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́. Olóyè rò ó wò. Okùn ewúrẹ́ kò yẹ ipò rẹ̀. Òkun tóbi, ó sì lọ́lá. Ó gbé apá agbádá sókè.

"Òkun!" ló wí. "Òkun ni ìlú abínibí ìgbín. Inú òkun ni baba ńlá rẹ̀ ti rìn wá. Nígbàkúùgbà tí Kòpẹ́ bá ké pe òkun, ilé ló ń sunkún rẹ̀, bí èmi náà, nígbà tí mo ń kọ ọ́, ṣe ń sunkún!" Ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó nu ojú tó gbẹ.

Ìyá àgbà kan tó tẹ̀ lé ọmọ ọmọ rẹ̀ láti Lugbe dìde láàárín èrò. Àsíátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà náà ni. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu títí, kò gbà mọ́.

"Ọmọ mi, okun kọ́ lòkun o! Okun là ń fi kí ara wa nílé wa. Bí mo bá kí ọ ní okun, ṣé mo jù ọ́ sómi ni?"

Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ níwájú bí òjò. Olóyè ní kí ìyá náà jókòó, ó ní àwọn tí kò mọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé kò lè lóye ìjìnlẹ̀. Dára kò dúró de ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó gun orí àga.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ ìyá Kòpẹ́?"

"Ìyá Kòpẹ́?" Olóyè na ọrùn. "Ìyáàfin Ìgbín ni. Obìnrin àtàtà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kòpẹ́ ò ní ìyá!" Gbogbo ọmọdé inú gbọ̀ngàn ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Adìẹ ló tọ́ ọ!" Ọmọ ọmọ Mínísítà ti jí, ohùn tirẹ̀ ló ga jù.

"Ẹ pa kámẹ́rà yẹn!" ni Olóyè ké. Ọ̀gá kámẹ́rà gbé ìwé àṣẹ tí a buwọ́ lù lẹ́ẹ̀mejì sókè, ó tọ́ka sí i, ó mi orí, ó ń yà á lọ. Gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ní Àbújá rí bí Mínísítà ṣe dìde, tó sì rọra béèrè pé, "Olóyè, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, àbí ẹ̀yin kọ́?"

"Mínísítà, ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, sà, ó ní ìpele ìpele. Ẹni kan wà tó ń ronú rẹ̀, ẹni kan wà tó ń... tó kàn ń kọ ọ́..."

"Ìyá Jàbárù ló kọ ọ́, sà," ni Láńre wí, ọrùn rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Mínísítà ló ń mì sí báyìí. "Ó wà ní Ìdù. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sọ ọ́, sà."

Kò sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí Láńre kọ́kọ́ sọ yìí nìkan ló jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí pèpéle lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká fi jìn ín.

Ọjọ́ Ajé jẹ́ ìsinmi ìjọba. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé dé: kí Olóyè máa lọ sinmi, kó má padà wá. Ó kó fọ́tò ara rẹ̀ mẹ́rìndínlógún kúrò lára ògiri, ó wọ lífìtì. Ẹni mẹ́fà wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín wà nínú wọn, ó ní kó sún díẹ̀. Ó sún.

Àwọn ọmọ kò dúró kí ìjọba fi ìwé pe Gàníyátù padà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Modúpẹ́ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ sí Ìdù. Wọ́n bá obìnrin kan tó jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láàárín àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Ààwẹ̀ Ràmádáánì ló ń gbà. Ànú na bisikíìtì sí i, obìnrin náà ní, "O ṣé, ọmọ mi, fi pamọ́ fún mi dìgbà tí oòrùn bá wọ̀."

Wọ́n dúró, ojú ń tì wọ́n. Dára ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Okun o, mà."

Gàníyátù wo ìwé olójú ewé ogójì tí Dára dì mú. "Okun, ọmọ mi," ló wí. "Ẹ jókòó. Ẹ wo àga tó bá gbà yín."

"Kí ló wà nínú àpò Kòpẹ́?"

"Bàtà ni. Ẹyọ kan ṣoṣo, torí pé ẹsẹ̀ kan ni ìgbín ní. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tíṣà lé mi padà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pé mi ò wọ bàtà. Ọdún kan gbáko ni mo fi wá a. Kòpẹ́ ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sóun, ló fi ń gbé tiẹ̀ kiri. Kò wọ̀ ọ́, kó má baà gbó kó tó débẹ̀."

Ọmọkùnrin oníbéèrè mẹ́rin wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa wá débẹ̀?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kó dé?"

Wọ́n rò ó. "Rárá o!" ni gbogbo wọn pariwo.

"Èmi ńkọ́?" ni Ànú wí. "Tèmi ńkọ́?"

"Tìrẹ ni mo fẹ́ràn jù," ni Gàníyátù wí. "Ó máa ń yà á. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́." Ẹ̀rín náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí fi sáré wọlé wá wò ó bóyá àwọn àga ti ń sá lọ. Wọ́n dáhùn ìbéèrè títí di ọ̀sán, wọn kò sì dé ìdajì ìwé.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Gàníyátù padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún un ní yàrá tó ní fèrèsé. Orúkọ rẹ̀ wà níparí ètò, kékeré. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ ní kékeré.

Olóyè ti fi ilé ìjọba sílẹ̀ nígbà yẹn, ó háyà fúláàtì kan ní Lugbe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, kò rí ibi tó máa lọ, iná sì wà. Ìyàwó rẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, Kòpẹ́ dé, Olóyè jókòó wò ó dópin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, Kòpẹ́ pàdé ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà, tó fẹ́ ikùn bí àgbá, tó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí gbogbo ẹranko yóò fi wá kí òun. Òjò dé, kò kúrò. Àgbàrá dé, kò kúrò. Àgbàrá gbé e lọ, ó ṣì ń bi àgbàrá bóyá ó mọ ẹni tó ń gbé.

Olóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá itan. "Ìyá Ànjọláolúwa, ẹ wo aṣiwèrè ọ̀pọ̀lọ́! Ó péye! Irú wọn pọ̀ ní mínísítírì, mo bá mẹ́ta ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó kọ eléyìí mọ èèyàn o!"

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.

Kò sí ẹ̀wà lórí iná.